Jẹ́ Kí Epo Sùn Ná

Àwọn ọmọ àbúrò mi méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì wá kí mi nígbà ọdún tó kọjá. Wọ́n jẹun, wọ́n mumi, wọ́n wá bi mí léèrè irú iṣẹ́ tí àwọn lè ṣe tí ojú kò fi ní ti àwọn láàárín ẹgbẹ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n sọ ìtàn iṣẹ́ tèmi fún wọn. Mi ò tíì dé ibi tí wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ tí ọ̀kan fi ń wo fóònù, tí èkejì sì ń hanrun. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé. Ìwé kì í bínú bí èèyàn bá sùn lé e lórí.

Ilé epo ni mo ti ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o: kì í ṣe àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá tó ń wa epo rọ̀bì lábẹ́ òkun, tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń dé akoto funfun, tí bàálù sì ń gbé wọn lọ síbi iṣẹ́. Ilé epo ni mo wí, níbi tí mọ́tò ti ń yà kúrò lójú títì, tí ẹni tó wà nínú rẹ̀ á yọ orí síta, á ní, "Fi sí i kó kún." Ọ̀yọ́ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ náà, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti fẹ̀yìn tì. Láàárín ìlú méjèèjì, ọjọ́ kan wà tí mo dá mọ́tò méje dúró sójú ọ̀nà, tí mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí wọ́n ti ilé epo ọ̀gá mi pa. Màá dé ibẹ̀.

Mo kàwé. Ẹ̀kọ́ nípa ọrọ̀ ajé ni mo kà, mo sì kọ ìwé àṣekágbá tí àkọlé rẹ̀ nìkan gba ìlà mẹ́ta. Ó dá lórí ipa tí epo àti iná mànàmáná ń kó nínú bí ọrọ̀ ajé àgbáyé ṣe lè kọ́fẹ padà, kí ó sì dúró ṣinṣin. Olùkọ́ mi yìn ín. Ìyá mi náà yìn ín, nítorí ó wúwo dáadáa, òun ló sì fi ń tẹ ìdérí ìkòkò ọbẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ológbò má bàa ṣí i.

Nígbà tí mo jáde, Sáàpù ti dé. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ Sáàpù. Ìlànà kan ni tí ìjọba ológun ní àwọn fẹ́ fi tún ọrọ̀ ajé ṣe, wọ́n sì ní kí gbogbo ìlú fara dà á díẹ̀. Owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé. Àwọn orílẹ̀-èdè tí kò ní epo ń rí i rà lọ́pọ̀, ara wọn ń mókun, ọrọ̀ ajé wọn ń kọ́fẹ padà. Àwa tí epo wà lábẹ́ ilẹ̀ wa la wá ń rù. Gbogbo èyí ló wà nínú ìwé mi pẹ̀lú àlàyé tó kún. Ohun kan ṣoṣo tí kò sí níbẹ̀ ni pé kò ní sí iléeṣẹ́ kankan tí yóò gba ẹni tó kọ ọ́ síṣẹ́.

Odidi ọdún kan ni mo fi kọ lẹ́tà. Nígbà tó yá, ìyá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ Bàbá Àjàgbé. Àwọn méjèèjì jọ dàgbà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni, Bàbá sì ní ilé epo kékeré kan lójú ọ̀nà tó jáde sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀rọ méjì péré ló wà níbẹ̀, ọ̀kan fún bẹntiróòlù, ọ̀kan fún kẹrosíìnì. Ìyá mi kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, bùrọ̀dá, ẹ bá mi gbà á. Ó ti kàwé jù."

Bàbá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Kí ló kà?"

Mo ní, "Ipa tí epo ń kó nínú ọrọ̀ ajé àgbáyé, sà."

"Hẹ̀ẹ́n. Ṣé o ti fọwọ́ kan epo rí?"

"Rárá, sà."

"Lọ fọwọ́ kàn án. Ìgbálẹ̀ wà lẹ́yìn ilé."

Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ nìyẹn. Owó oṣù kò yẹ ní ohun tí èèyàn ń sọ níwájú àwọn ọmọdé, ẹ jẹ́ ká fò ó.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi gbálẹ̀ tí mo sì ń da yanrìn sí ibi tí epo bá ti ń ta sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jẹ́ kí n di àrọ tí a fi ń rọ epo mú. Ó tó oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ gan-an, ọwọ́ la sì ń fi yí i, nítorí iná kì í sábà sí. Irin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí èèyàn á máa yí bí ẹni ń lọ ata. Bí mọ́tò akẹ́rù bá ní kí a fi sí i kó kún, apá á fẹ́rẹ̀ẹ́ já kúrò léjìká. Mo máa ń ronú nígbà náà pé nínú gbogbo orí tí mo kọ nípa agbára tó ń gbé ayé ró, n ò kọ ẹyọ gbólóhùn kan nípa apá ọ̀tún mi.

Ẹni tó ń tà lórí ẹ̀rọ kí n tó dé ni Sìkírá. Ẹgbẹ́ ni wá lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ìwé kékeré ló kà tó fi dúró, ó sì ti lo ọdún mẹ́fà lọ́dọ̀ Bàbá. Òun ló sọ mí ní Ọ̀jọ̀gbọ́n, láti ọjọ́ tí mo da kẹrosíìnì sínú ọ̀kadà.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé wọn ò kọ́ yín ní àwọ̀ ni ní yunifásítì? Àbí pupa àti funfun jọ ara wọn nínú ìwé?"

Bàbá Àjàgbé le. Kò gbọdọ̀ sí gẹ̀ẹ́sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, nítorí ó ní ẹni tó bá ń sọ ọ́ máa ń gbé ojú sókè láti mọ̀ bóyá àwọn èèyàn ń gbọ́ òun. Kò gbọdọ̀ sí sìgá. Ọlọ́pàá kan mu sìgá wọlé lọ́jọ́ kan, Bàbá sì fi ìgbálẹ̀ lé e títí dé òdìkejì títì, ó wá dọ̀bálẹ̀ fún un níbẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ parí rẹ̀ níbí." Ṣùgbọ́n òfin tó ga jù lọ ni pé epo gbọ́dọ̀ sùn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àgbá ńlá kan wà nínú ilẹ̀ tí epo wà. Bí tánkà bá ti Ìbàdàn gbé epo dé, tí wọ́n sì já a sínú àgbá yìí tán, Bàbá á pa ẹnu àgbá dé, á fi àgádágodo ti ẹ̀rọ, á wá rọ ohùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ọmọ tuntun sórí ẹní. "Ó ti sùn. Kí ẹnikẹ́ni má jí i o." Bí tánkà bá dé láàárọ̀, epo kò ní jí títí wọn yóò fi kí ìrun àlásárì. Bí ó bá dé ní ìrọ̀lẹ́, ó di ọjọ́ kejì. Kò sí ẹni tí Bàbá kò lè wí bẹ́ẹ̀ fún. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ó sọ fún ọ̀gá ṣọ́jà kan pé epo ń sùn. Ṣọ́jà náà wo Bàbá, ó wo ilẹ̀, ó sì ní kí dírébà yí mọ́tò padà.

Mo bi Bàbá léèrè ìdí.

Ó ní, "Ìwọ, bí wọ́n bá gbé ọ láti Ìbàdàn nínú irin, tí ọ̀nà ń jù ọ́ sókè sódò, tí wọ́n wá jù ọ́ sínú ihò, ṣé o ò ní sùn?"

Mo lọ sínú yàrá, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi pé mo ti rí àpẹẹrẹ ìgbàgbọ́ àtijọ́ tó ń dí ìdàgbàsókè lọ́wọ́. Sìkírá ní kí n kà á fún òun. Mo kà á.

Ó ní, "Fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tí o bá jí epo, wàá wá parí rẹ̀."

Bàbá tún ní ọ̀pá gígùn kan tí a fi ń wọn epo, pẹ̀lú agolo kékeré kan tí ọ̀dà wà nínú rẹ̀. Bí a bá fi ọ̀dà yẹn pa ẹnu ọ̀pá, tí a sì tì í wọ inú àgbá, ó máa ń pọ́n bí omi bá wà nísàlẹ̀. Ìlú òkèèrè ni ọ̀dà náà ti ń wá, Sáàpù sì ti jẹ́ kó wọ́n. Lásìkò tí mo ń wí yìí, agolo ti gbófo. Bàbá kò jù ú nù. Inú àpò ló ń gbé e sí, bí ẹni pé ó ṣì lè kún fúnra rẹ̀.

Ní ọdún tí mo pé ọdún méjì níbẹ̀, ilé epo kan wà tí wọ́n fẹ́ ṣí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Epo wọ́n níbẹ̀ gan-an lákòókò yẹn. Àwọn èèyàn ń gbé kẹ́ẹ̀gì wá láti ibẹ̀ sí Ọ̀yọ́. Àwọn tó ń gbé epo fún Bàbá ní Ìbàdàn ní kí ó yan ẹni tí yóò máa ṣe ọ̀gá ibẹ̀. Ó pe èmi àti Sìkírá, ó sì kọjú sí mi.

"Àkànní, bí ọdún yìí bá parí tí oníbàárà kankan ò padà wá bá mi ṣàròyé nítorí rẹ, ìwọ ni màá rán lọ."

Sìkírá ní, "Èmi ńkọ́, Bàbá?"

Bàbá wo ọ̀dọ̀ kẹrosíìnì bí ẹni pé ẹnìkan ń pè é níbẹ̀.

Ó ku oṣù méjì kí ọdún parí. Ìyá mi tó ń ta àlùbọ́sà ní ọjà Akẹ̀sán kò dúró dè é. Kò sí ẹni tó ra àlùbọ́sà tí kò gbọ́ pé ọmọ òun ti di ọ̀gá ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé kan pe ìpàdé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí bí epo àti iná yóò ṣe gbé ọrọ̀ ajé àgbáyé dìde. Ẹ lè fojú inú wo bí ara mi ṣe yá. Mo kọ lẹ́tà sí wọn, ojú ewé mẹ́rin, mo sì sọ ilé epo tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n dá mi lóhùn pé kí n wá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn tí àgbà olùkọ́ kan tí wọ́n pè láti yunifásítì bá ti sọ tirẹ̀ tán. Mo ra táì. Mo gba ìwé àṣekágbá mi lórí ìkòkò ìyá mi, mo sì yọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú rẹ̀. Òórùn irú kò kúrò lára rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, Bàbá ń lọ síbi ìpàdé ẹbí ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Tánkà ti dé ní kùtùkùtù, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí a kò rí epo. Òjò sì ti rọ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Bàbá fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́.

"O mọ ohun tí màá sọ."

"Epo ń sùn, Bàbá."

"Títí di àlásárì. Bí o bá ń lọ sí ìpàdé rẹ, fi kọ́kọ́rọ́ fún Sìkírá."

Ó lọ. Àwọn tó ń dúró de epo kò pọ̀, nítorí gbogbo Ọ̀yọ́ mọ òfin Bàbá. Ìyá àgbà kan láti Iresa, tó wá láti ẹ̀yìn Ògbómọ̀ṣọ́ nínú mọ́tò akóko kan tó ń kó irè oko, gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ló fẹ́ ra epo fún. Sìkírá sọ fún un pé epo ń sùn.

"Kò burú, ọmọ mi. Màá dúró." Ó jókòó lórí kẹ́ẹ̀gì, ó sì yọ obì jáde.

Mi ò tíì tún táì mi so tán tí mọ́tò méje fi wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn èèyàn ìpàdé ni. Alága wọn ló wà níwájú, Olóyè kan tí oyè rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́ta, tí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ sì ń kan ìgbànú. Àgbà olùkọ́ náà, Ọ̀mọ̀wé, jókòó tì í nínú aṣọ gbọọrọ tí wọ́n fi ń gba oyè ní yunifásítì, bẹ́ẹ̀ ó ku odidi ìrìn-àjò kan kí ó tó débi tó ti fẹ́ lò ó.

Olóyè ní, "Fi sí i kó kún. Gbogbo wa."

Sìkírá ní, "Ẹ má bínú, sà. Epo ń sùn."

Ọ̀mọ̀wé yọ orí síta. "Kí lo pè é?"

"Ó ń sùn, sà."

"Ṣé ó ń hanrun?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín láti mọ́tò kìíní dé ìkeje. Ọ̀mọ̀wé wá rí mi pẹ̀lú táì mi. "Ìwọ kọ́ lo kọ lẹ́tà sí wa? Ìwọ tó kàwé, o gbà pé epo ń sùn?"

Mo lè sọ fún yín pé wọ́n fi agbára mú mi. Wọn ò fi agbára mú mi. Ojú ló tì mí. Mo rí ara mi nínú gíláàsì mọ́tò Olóyè, pẹ̀lú táì àti ìwé, bí ẹni tó gba epo gbọ́. Mo yọ kọ́kọ́rọ́.

Sìkírá sún mọ́ mi. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, má ṣe é."

"Sìkírá, ayé ti lajú."

"Àgbá ò lajú. Fi kọ́kọ́rọ́ yẹn fún mi."

Mo ṣí àgádágodo. Èmi fúnra mi ni mo yí ẹ̀rọ fún mọ́tò méjèèje, nítorí Sìkírá kò fọwọ́ kàn án. Ìyá Iresa ń wò wá, ó ń jẹ obì. Mo rọ epo sí i fún wọn tán, mo ju kọ́kọ́rọ́ sọ́dọ̀ Sìkírá, mo sì wọ ẹ̀yìn mọ́tò Olóyè.

A ti jáde ní Ọ̀yọ́ dáadáa, Ọ̀mọ̀wé ń ṣàlàyé fún mi pé Áfíríkà kò ní ìṣòro mìíràn bí kò ṣe ti ọpọlọ, nígbà tí mọ́tò Olóyè húkọ́. Ó tún húkọ́, bí ẹni tí omi gbà lọ́nà ọ̀fun. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. A yí orí padà. Mọ́tò kejì ń húkọ́. Ẹ̀kẹta ti dákẹ́. Kò pẹ́ tí méjèèje fi tò sí ẹ̀bá ọ̀nà láàárín igbó.

Àwọn dírébà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan ní bátìrì ni. Ọ̀kan ní plọ́ọ̀gì ni. Olóyè bojú wòkè, ó ní òun mọ àwọn tí inú wọn kò dùn sí oyè tí òun jẹ. Èmi náà dá sí i, mo ní ó lè jẹ́ pé ooru pọ̀. Nígbà náà ni dírébà Olóyè tú nǹkan kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì da ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan. Ó gbé e sókè sí oòrùn. Epo wà lókè. Omi wà nísàlẹ̀. Ẹrẹ̀ díẹ̀ jókòó sí ìdí rẹ̀.

Bí mo ṣe ń wò ó, epo tó wà nínú ìgò náà ń mọ́ sí i, omi ń lọ sísàlẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹrẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Ó ń sùn lójú mi. Omi òjò ti wọ inú àgbá wa, ó sì jókòó sísàlẹ̀. Epo tuntun tí tánkà já lé e ló rú gbogbo rẹ̀ pọ̀, mi ò sì jẹ́ kó rí àyè tòrò. Ohun tí mo fi ọdún méjì pè ní ìgbàgbọ́ àtijọ́, ìgò kan ṣoṣo ló kọ́ mi.

Ọ̀mọ̀wé bi mí pé, "Kí lo ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tìrẹ dá lé?"

"Ìdúróṣinṣin, sà."

Ó wo mọ́tò méjèèje. "O ti ṣe é."

Ibẹ̀ la wà tí ìrun àìlà fi kọjá. Oòrùn mú Ọ̀mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀ tó fi bọ́ aṣọ oyè rẹ̀, ó fi bo orí. Dírébà akẹ́rù kan tó ń lọ sí Ọ̀yọ́ ní òun á bá wa jíṣẹ́ nílé epo. Olóyè sì ti ń sọ lẹ́tà tí yóò kọ sí àwọn ará Ìbàdàn tó ń gbé epo wá, kí wọ́n ti ilé epo Bàbá pa, ó ń sọ ọ́ sókè kí n lè gbọ́, ó sì ń tún un ṣe. Mo ń gbọ́ ọ, mo ń rò ó pé Ògbómọ̀ṣọ́ ti lọ, Ọ̀yọ́ náà sì ń lọ.

Ó pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn àlásárì kí mọ́tò akóko kan tó yọ. Ìyá Iresa ló wà níwájú, kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ kún. Bàbá àti Sìkírá wà lẹ́yìn pẹ̀lú rọ́bà, garawa àti kẹ́ẹ̀gì epo tó mọ́.

Ìyá Iresa ní kí dírébà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣì wà níbí? Ẹ ò jẹ́ kó sùn ni?"

Bàbá sọ̀ kalẹ̀. Ó wo ìgò. Ó wò mí, ó sì kọjá lára mi lọ bá Olóyè.

"Olóyè, ẹ má bínú. Èmi ni mo ta epo náà fún yín."

Mo la ẹnu. Bàbá yí ojú sí mi, mo pa á dé. Ó yé mi kíákíá: bí ẹ̀bi bá jẹ́ tirẹ̀, kò tíì sí oníbàárà tó ṣàròyé nítorí tèmi. Ó ń tọ́jú Ògbómọ̀ṣọ́ fún mi.

Olóyè ní, "Bàbá, mi ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Mo máa kọ lẹ́tà."

Bàbá ṣí fìlà. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sórí títì gbígbóná, fún ẹni tó lè bí dáadáa. Fìlà funfun rẹ̀ yí lọ sínú eruku. Olóyè fò sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó.

"Bàbá, ẹ dìde! Ẹ fẹ́ pa mí ni? Ẹ fẹ́ kí wọ́n máa bú mi?"

Nígbà náà ni ohùn mi jáde. Mo ní, "Irọ́ ni, Olóyè. Bàbá ò sí nílé. Èmi ni mo ṣí àgádágodo. Sìkírá sọ fún mi, mi ò gbọ́."

Gbogbo wọn wò mí. Ọ̀mọ̀wé ń wo bàtà ara rẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo bi wọ́n bóyá epo ń hanrun."

Bàbá dìde, ó gbọn fìlà rẹ̀. Olóyè kò mẹ́nu kan lẹ́tà mọ́. Bàbá kò bá mi wí. Ó kàn na rọ́bà sí mi.

Bí a ṣe ń fa epo jáde nínú mọ́tò ni pé èèyàn á fi ẹnu fa rọ́bà títí epo yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, á sì yọ ẹnu kí ó tó wọlé. Mi ò mọ ìgbà tó yẹ kí n yọ ẹnu. Nígbà tí mo dé mọ́tò ìkeje, mo ti gbé epo mì tó èyí tó lè gbé mi dé Ìlọrin. Gbogbo ìgbà tí mo bá gùnfẹ́ ní ọ̀sẹ̀ náà ni Sìkírá ń sá kúrò nídìí àtùpà.

Ìpàdé náà kò wáyé. Àwọn tó ń dúró ní gbọ̀ngàn ti jẹ oúnjẹ àlejò, wọ́n sì ti lọ sílé. Mọ́tò Ìyá Iresa nìkan ló dé ibi tó ń lọ, wọ́n sì rin ẹ̀gẹ́ ní Iresa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ibi tí epo ti gbé ọrọ̀ ajé àgbáyé dìde lọ́jọ́ yẹn, ibẹ̀ nìkan ni mo lè tọ́ka sí.

Ní ìparí ọdún, Bàbá pe èmi àti Sìkírá sí ilé rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ jáde. Ó fún Sìkírá.

Sìkírá kúnlẹ̀ gbà á. Ó wá ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ kọ́kọ́ fẹ́ fún òun?"

Bàbá yún orí. "Mo rò pé gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ á wu àwọn ará Ìbàdàn."

Lẹ́yìn náà ó na ọ̀pá tí a fi ń wọn epo sí mi, pẹ̀lú agolo òfìfo. "Ìwọ tẹ̀ lé e. Ìwọ ni kí o máa wọn epo. Mo mọ̀ pé ìwọ kò tún ní jí i mọ́ láéláé."

Ìyá mi kò lọ sí Akẹ̀sán fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó padà, ó sọ fún àwọn oníbàárà pé iṣẹ́ ọmọ òun ní Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ mọ́ ìwádìí ìjìnlẹ̀ ilẹ̀.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ti ọ̀pá yẹn bọ ilẹ̀ láràárọ̀. Ọ̀dà tó ń pọ́n padà dé lọ́jà nígbà tó yá, mo sì dà á kún agolo Bàbá kí ó tó kú. Ẹ̀rọ tí a fi ọwọ́ yí lọ, ti iná dé. Nítorí pé iná kì í sí, a ra jẹnẹrétọ̀, ó sì di pé a ń fi epo jó epo kí a tó lè ta epo. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tó ń fi nọ́ńbà hàn dé, ti káàdì dé, ti kọ̀ǹpútà tó ń sọ iye epo tó wà nínú àgbá dé. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ bí epo bá ń sùn. Èmi ni mo ń sọ fún un.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, Sìkírá, tó ti di Alhaja, kó àga sí iwájú ilé epo, ó sì pe gbogbo òṣìṣẹ́ àti àwọn oníbàárà jọ. Tánkà ṣẹ̀ṣẹ̀ já epo láàárọ̀ náà ni, nítorí náà mọ́tò pọ̀, àwọn tó gbé kẹ́ẹ̀gì wá láti Iresa náà jókòó.

Alhaja dìde. "Ẹ̀yin èèyàn, epo ń sùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ kò rí sọ nígbà tí a wà ní Ọ̀yọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fún yín nígbà yẹn. Èmi fún yín títí di àlásárì."

Mo yọ ìwé náà jáde. Ó ti di pupa, àmì ìdí ìkòkò ìyá mi ṣì wà lára rẹ̀ roboto. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀. Mo ṣàlàyé bí orílẹ̀-èdè kan ṣe ń kọ́fẹ tí òmíràn ń dùbúlẹ̀ àìsàn. Nígbà tí mo dé orí ìdúróṣinṣin, mo gbé ojú sókè. Àwọn dírébà ti sùn nínú mọ́tò. Àwọn òṣìṣẹ́ sùn lórí àga. Alhaja fi ọwọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, ojú rẹ̀ pa dé pátápátá.

Obìnrin kan ṣoṣo ló ń wò mí, ó jókòó lórí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. "Ẹ ti sọ̀rọ̀ tán, sà? Ṣé ó ti jí?"

Mo pa ìwé dé. Mo mú ọ̀pá, mo fi ọ̀dà pa ẹnu rẹ̀, mo tì í sínú àgbá, mo sì fà á jáde. Kò pọ́n.

Mo ní, "Ó ti jí."

Gbogbo wọn ta jí lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi.